Èjìká Ni Tiyín, Eyín Ni Ti Ìyá Mi

Àgídìngbì, Ìkejà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Àsàláámù aláékùm. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìgbà òjò ni ẹ máa ń jókòó sílé tí ẹ máa ń bínú sí gbogbo èèyàn, nítorí kò sẹ́ni tó ń wá agbẹ́kànga nígbà tí omi ń já bọ́ láti òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Ara mi le. Ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ike kò tíì lé mi. Ooru ẹ̀rọ wọn ṣì ń yan mí bí àgbàdo láti aago méje àárọ̀.

Mò ń kọ lẹ́tà nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí fóònù. Ọwọ́ Àǹtí Ìbídùn, àbúrò yín, ni fóònù yín wà, ẹ sì mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá pè, wọ́n á gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Moses tó ń kó màálù wá sí Oko Ọba ló máa bá mi mú un wá nígbà tó bá ń gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ padà. Ẹ fún un lómi mu.

Ọ̀rọ̀ Uswat ni. Láti ọdún méjì tí ẹ ti ní kó wá máa bá mi gbé kó lè lọ sílé ìwé ní Ọgbà, n kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ yín lẹ́nu rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni báyìí, eyín tó fi jẹ ẹ̀kọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde. Ìyẹn kọ́ ni tuntun. Tuntun ibẹ̀ ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ apá òsì wú ní oṣù tó kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbá a létí nílé ìwé ni. Mo lọ bá wọn jà. Wọn kò gbá a létí.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin ni dókítà eyín tó rí wa, Lọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò eegun ẹnu rẹ̀. Ó wò ó títí, ó wá gbójú sókè, ó ní, “Uswat, ṣé o lè mú èjìká rẹ méjèèjì pàdé níwájú?”

Ẹ mọ ọmọ yín. Ìbéèrè tó ti ń dúró dè láti ọjọ́ tó ti dé Èkó nìyẹn. Ó ká èjìká jọ bí ẹni ká ẹní, wọ́n kanra lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Dókítà pe àwọn dókítà yòókù. Mẹ́fà ni wọ́n wá wò ó. Ó ṣe é fún wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí n kò bá gbá a lọ́wọ́, à bá ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá, ohun tí dókítà sọ rèé, mo sì ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì í gbọ́. Eegun kan wà tó dá bùú láti ìdí ọ̀fun lọ sí èjìká. Gbogbo èèyàn ló ní i. Uswat kò ní i. Ohun tí kò jẹ́ kí eegun yẹn hù, òun náà ni kò jẹ́ kí àwùjẹ̀ rẹ̀ tètè dí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, òun náà ni kò sì jẹ́ kí eyín rẹ̀ pàrọ̀. Eyín àgbà wà nínú erìgì rẹ̀, wọ́n sùn síbẹ̀ pátápátá, wọ́n tilẹ̀ fi mẹ́sàn-án lé ní iye tó yẹ kí èèyàn ní. Àbínibí ni. Bí òbí kan bá ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí lè gbà á, ó sì lè má gbà á, bí ìgbà tí èèyàn ta kọ́bọ̀ sókè tó ń wo ojú tó máa fi délẹ̀.

Mo ní, “Dókítà, ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ń sọ pé ọ̀kan náà ni èjìká àti eyín?”

Ó ní, “Ọ̀kan náà ni.”

Mo jókòó.

Bàbá, láti kékeré ni ẹ ti ń sọ fún wa pé èjìká tó ń pàdé ni ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi ta ìdílé wa lọ́rẹ, kí a lè wọ inú kànga tí ẹlòmíràn kò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí eyín Uswat kò pàrọ̀, ẹ̀yin àti Àǹtí Ìbídùn ní àbùkù ìdílé ìyá mi ni. Ẹ sọ ọ́ lójú ìyá mi, ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn wọn, títí wọ́n fi di ẹrù wọn lọ sí ilé bàbá wọn ní Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́fà nìyí. Ẹ pín ogún náà dáadáa. Ẹ mú èyí tó dùn, ẹ fún wọn ní èyí tó korò. Àṣé ọmọ kan náà ni ẹ là sí méjì.

Ní báyìí, omi ti ṣe àpò yí ọ̀kan nínú eyín tó sùn náà ká, àpò náà ń jẹ eegun àgbọ̀n rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oṣù Kẹjọ kọjá lórí rẹ̀. Ọmọdé ni, nítorí náà bàbá tàbí ìyá ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kò tó.

Ẹ wá. Bí ẹ bá dé ibùdókọ̀ Ọgbà, ẹ béèrè ọ̀nà Àgídìngbì.

Ọmọ yín,
Muhydeen


Abà Elébu, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́
27/5/2024

Muhydeen,

Aláékùm sàláámù. Mo rí ìwé rẹ gbà lọ́wọ́ Moses. Mo fún un lómi, ó sì jẹ iṣu mọ́ ọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, nítorí náà bí o bá rí ibi tó wọ́, kà á bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé mo ń ṣàìsàn. O ṣeun tó o sọ fún mi. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti wà láyé, n kò mọ̀. Ìgbà tí mo gbẹ́ kànga mọ́sáláásí, àìsàn ló gbẹ́ ẹ. Ìgbà tí mo gbẹ́ kànga ilé ìwé tó o ti kọ́ ìwé àfojúdi tó ò ń kọ sí mi yìí, àìsàn ló gbẹ́ ẹ. Ìgbà tí ọmọ Fúlàní já sínú kànga àtijọ́, tí ẹnu rẹ̀ kò gba ewúrẹ́, tí bàbá mi ká èjìká tó wọ ibẹ̀ lọ gbé e jáde láàyè, àìsàn náà ni. Mo bẹ Ọlọ́run kó fún ọ ní díẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, lẹ́yìn tí alùfáà ṣàdúà tán, ìyá mi ká èjìká rẹ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ ilé wa. Kò lọ. Ó tún un ká. O ké. Ó ní, “Ilẹ̀kùn lèyí, kì í ṣe ẹní.” Omi kànga tí a máa ń dà sí ọmọ kànga lẹ́sẹ̀, wọ́n dà á nù. N kò bínú sí ọ. Mo ní kó o lọ kàwé, kí o máa fi ojú wọ inú ìwé bí a ti ń fi èjìká wọ kànga. Èmi kò mọ̀ pé bí o bá kàwé tán, wàá padà wá ka eegun mi.

Ní ti eyín: gbogbo ayé mọ̀ pé okùn kànga ló gbá eyín tèmi yọ. Má da tèmi pọ̀ mọ́ ti Uswat. Eyín Uswat, ibi tó ti wá ni mo sọ pé ó ti wá. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé eyín, ẹni tó ni eyín ni kó wá fọwọ́ sí i. Kùdírátù ìyá rẹ kì í ṣe arọ, mọ́tò sì ń lọ sí Èkó láti Ọ̀yọ́ lójoojúmọ́.

Sọ fún dókítà obìnrin náà kó fi èjìká ọmọ mi sílẹ̀. Fi òrí pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Sọ fún Uswat pé mo kí i.

Èmi bàbá rẹ, olókùnrùn,
Làsísì


Àgídìngbì
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú àárẹ̀. Ó dára bí ara olókùnrùn ṣe le tó báyìí. Mo fi òrí pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Uswat bí ẹ ti wí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń dán. Ó ṣì wú.

Ní Sátidé, mo lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin lẹ rán mi. Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń ro ọṣẹ dúdú nínú ìkòkò. Ara wọn le, wọ́n ti hewú díẹ̀ ní ẹ̀bá etí. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn bí dókítà ṣe rò ó fún mi. Wọn kò dá ọwọ́ dúró lórí ọṣẹ náà.

Mo ní, “Ìyá mi, ìwé lásán ni. Ẹ kàn máa fọwọ́ sí i ni.”

Wọ́n ní, “Ìwé lásán kọ́. Bí mo bá fọwọ́ sí i lónìí, Ìbídùn á gbọ́ lọ́la, á ní mo ti jẹ́wọ́. Kí bàbá rẹ wá síhìn-ín. Kó sọ lójú àwọn èèyàn mi pé nǹkan yìí kò ti ara mi wá. Bó bá sọ ọ́ lónìí, Èkó ni mo máa jí sí lọ́la.”

Mo ní, “Àti ọmọ ńkọ́?”

Wọ́n wá dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní, “Muhydeen, ta ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi? Ṣé èmi ni mo ní kó má tẹ̀ lé mi?”

Ẹ̀yin ẹ bá mi dáhùn.

Nítorí náà bó ṣe rí rèé, kó yé yín. Ẹ̀yin kò fẹ́ fọwọ́ sí i nítorí pé bí ẹ bá fọwọ́ sí i, tiyín ni. Ìyá mi kò fẹ́ fọwọ́ sí i nítorí pé bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, tiwọn ni. Ẹ̀yin àgbà méjì ń ti ọ̀rọ̀ síra yín bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Inú àgbọ̀n ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọkọ̀ náà dúró sí.

Ní ti okùn kànga tó gbá yín lẹ́nu: n kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má purọ́. Okùn wo ló máa gbá eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ yọ tí kò ní fara kan ètè? Eyín tí ẹ ń yọ sínú ife lẹ́yìn ìrun Ìṣáì lálẹ́, láti kékeré ni èmi àti Uswat ti ń rí i, tí a sì ń ṣe bí ẹni pé ife omi lásán ni. Dókítà ní ẹni tó bá ní irú nǹkan yìí, bí eyín ìkókó rẹ̀ bá jẹ tán, kò sí òmíràn tó máa yọ rọ́pò rẹ̀, àfi tí wọ́n bá tètè ràn án lọ́wọ́ nígbà èwe. Kò sẹ́ni tó ràn yín lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ran Uswat lọ́wọ́, ta ló jẹ̀bi?

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ ya fọ́tò àyà yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí eegun bá wà níbẹ̀, màá wá dọ̀bálẹ̀ fún yín lẹ́nu kànga mọ́sáláásí, kí Àǹtí Ìbídùn fi fóònù yín yà mí.

Kò sẹ́ni tó ní èjìká yín kò dára. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má gbẹ́ kànga mọ́. Ẹ kàn máa mú eyín mọ́ èjìká nígbà tí ẹ bá ń yangàn.

Muhydeen


Àgídìngbì
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún nìyí. Moses ní òun fi lẹ́tà mi lé yín lọ́wọ́, ó ní ẹ jókòó sórí òkúta lẹ́yìn ilé láti kà á, pé nígbà tí òun fi máa jẹun tán ẹ ṣì wà níbẹ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Uswat kò lè jẹ nǹkan tó le mọ́. Ògì ló ń mu ní àárọ̀, ògì ní ọ̀sán. Bí mo bá fẹ́ ṣe é lálejò, mo máa ń rẹ búrẹ́dì Agége sínú tíì fún un. Apá òsì ojú rẹ̀ ti ga ju apá ọ̀tún lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa gúgúrú mọ́. Dókítà fi ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ sílẹ̀ fún wa. Ó ní bí a kò bá wá, àwọn mìíràn wà lórí ìlà.

N kò ní nǹkan mìíràn láti sọ. Èmi tí èjìká mi kò wọ kànga, mo ti wọ gbogbo ibi tí mo lè wọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Uswat ní òun fẹ́ fi tòun sí i. N kò bá a kọ ọ́, n kò sì tún un ṣe.

Muhydeen

*

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú sí Bùọ̀dá, ẹnu wọn ló burú. Wọ́n ń fọ aṣọ ilé ìwé mi, wọ́n sì ń se ògì fún mi kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ní kókó ṣùgbọ́n mo ń mu ún.

Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá tún eyín mi ṣe, ṣé mo ṣì máa jẹ́ ọmọ kànga? Nítorí ẹ ní èmi nìkan ni mo jọ yín. Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, n kò ní ṣe é. Ó máa ń dùn mí gan-an ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mo lè fara dà á.

Ọmọ yín tó jọ yín,
Uswat


Abà Elébu
21/7/2024

Muhydeen ọmọ mi,

Sàláámù fún ọ àti fún àbúrò rẹ. Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ìwọ náà mọ̀ pé mo pẹ́, nítorí náà jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún ni a sọ ọmọ Suara lórúkọ. O mọ Suara, ọmọ Ìbídùn, tó ń bá mi gbẹ́ kànga, tí kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá fẹ́ yà á ní fọ́tò. Alùfáà ṣàdúà tán, Ìbídùn ká èjìká ọmọ náà, wọ́n pàdé, gbogbo agbo ilé hó. Wọ́n gbé igbá omi kànga fún mi kí n dà á sí i lẹ́sẹ̀. Ìwé Uswat wà lápò mi. Mo gbé igbá náà dání, n kò dà á. Mo wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ náà. Mo rí i pé bí mo bá da omi yìí, mò ń fún un ní gbogbo rẹ̀ ni, kì í ṣe èjìká nìkan.

Mo gbé igbá sílẹ̀. Mo ní kí Suara gbé ọmọ lọ fún dókítà wò, kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí eyín rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ìbídùn ní, “Bùọ̀dá, kí lẹ ń wí níbi ayọ̀?”

Mo ní, “Mò ń wí pé Kùdírátù kò ṣe nǹkankan.”

Ó ní, “Ẹ̀mí Èkó ti wọ̀ yín.”

Mo ní, “N kò tíì dé Èkó. Ìwọ Ìbídùn, eyín tìrẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo fi eyín fọ́ eegun ẹran gbẹ̀yìn?”

Láti ọjọ́ yẹn fóònù mi ti padà sọ́wọ́ mi. Ǹ bá pè ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù kò ṣeé sọ lẹ́nu.

Kí n má baà purọ́, ṣáájú ìsọmọlórúkọ yẹn ni mo ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní ikọ́ ń ṣe mí. Ikọ́ kankan kò ṣe mí. Ọmọkùnrin tó ya fọ́tò àyà mi gbé e síbi iná, ó wò ó, ó wo ojú mi, ó tún wò ó. Ó ní, “Bàbá, àyà yín mọ́. Kò sí ikọ́ níbẹ̀.” Mo ní, “Àlùhámúdùlíláì.” Ó ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, eegun kan wà tó yẹ kó wà níbí.” Ó fi ìka kan abẹ́ ọrùn ara rẹ̀, ó fà á lọ sí èjìká. Èmi náà fi ọwọ́ kan tèmi. Ẹran lásán. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń fọ ibẹ̀ bí mo bá ń wẹ̀, n kò rò ó rí pé ó yẹ kí nǹkan wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ṣubú nígbà kan rí ni. Mo ní rárá, wọ́n bí mi bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ ọ́ tí n kò fi yangàn.

Mo gbé fọ́tò náà sábẹ́ ẹní. Bí kì í bá ṣe ti ìsọmọlórúkọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀. O rí i pé mò ń sọ òótọ́ fún ọ.

Lánàá ni mo gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n fi mí jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìrun Àìlà ọ̀sán títí di ìrun Alásàrí ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé wá ń wò mí. Nígbà tó yá, Quadri, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, jáde, ó ní, “Làsísì, kí lo gbé wá?”

Mo ní, “Àyà mi ni.”

Ó gbé e sójú oòrùn, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo bá a yí i padà. Ó ní, “Èwo ni kí n wò?” Mo ní, “Èyí tí kò sí níbẹ̀.” Ó ní òun kò rí i. Mo ní, “O ti rí i nìyẹn.”

Wọ́n wá pe Kùdírátù. Mo dìde dúró. Mo ní, “Ohun tó ń ṣe Uswat, èmi ni mo fún un. Bàbá mi ló fún mi. Kùdírátù kò mọ nǹkankan níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi purọ́ mọ́ ọn. Àìmọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, agídí ló parí rẹ̀.”

Ìyá rẹ ní, “Ẹ tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ dáadáa.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ dáadáa. Mo tún un sọ. Ìyá rẹ ní àwọn tó wà lẹ́yìn ilé náà kò gbọ́. Wọ́n lọ pè wọ́n wá, àwọn tó ń fọ aṣọ, àwọn tó ń lọ ata. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnu mi ti ń mọ ọ̀nà rẹ̀ nígbà yẹn.

Ìyá rẹ wọlé, ó gbé báàgì jáde. Inú mi dùn. Mo na ọwọ́ kí n bá a gbé e. Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀. Èkó ni mò ń lọ.”

Kí ìwé yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, á ti wà lọ́dọ̀ yín. Èmi náà ì bá wá, ṣùgbọ́n ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ rí ọmọ òun ní òun nìkan, mo sì gbà fún un.

Sọ fún Uswat pé kì í ṣe eyín ló mú un jọ mi. Ìfaradà tó ní òun lè fara dà á yẹn ni. Kó má fara dà á mọ́. Ìyẹn ni mo fi rán ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Làsísì


Àgídìngbì
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Àsàláámù aláékùm. Wọ́n ti ṣe é, ó sì yọrí sí rere. Mo pè yín lórí fóònù ní ọjọ́ náà, ẹ kàn ń sọ pé “Ṣé ó jí?” lẹ́ẹ̀mẹwàá, n kò sì ráyè sọ èyí tó kù.

Eyín mọ́kànlá ni wọ́n yọ, àti àpò omi náà. Ó kù sí i. Dókítà ní iṣẹ́ ọdún mélòó kan ni, wọ́n á máa fi wáyà fa àwọn eyín àgbà náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò yàtọ̀ sí kí èèyàn máa fi okùn fa garawa. Nígbà tí Uswat lajú, òwú kún ẹnu rẹ̀, ó na ọwọ́ béèrè bírò. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé, “Ṣé wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi?” Dókítà ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó tún sùn.

Ìyá mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, èmi wà nílẹ̀. Wọ́n ní ògì mi kò ṣeé fún ènìyàn. Wọ́n ti tún ìkòkò mi tò, n kò rí nǹkankan mọ́ nínú yàrá ara mi. Uswat di ọwọ́ wọn mú bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà wọ́n.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí ìyá mi ń fọwọ́ sí ìwé, dókítà ń kọ nǹkan tirẹ̀ lápá kan. Kò gbójú sókè, ó ní, “Ìyá, nínú ìdílé ta ló wà? Ti bàbá ni àbí tiyín?”

Mo wo ilẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ń dúró de ìbéèrè yẹn, ẹnìkan wá bi wọ́n pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, níwájú ẹlẹ́rìí. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí fún bàbá mi lónìí.

Wọ́n ní, “Ìdílé wa ni.”

Dókítà ní, “Ti èwo nínú yín, Ìyá?”

Wọ́n ní, “Ìdílé Làsísì tí mo bímọ méjì sí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n sì ń bá ìwé tiwọn lọ.

Ẹ má tíì máa gbálẹ̀ yàrá o. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa padà sí Abà Elébu. Wọ́n ní àwọn ń rò ó, pé kò ní gba ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ má sì ní kí n bá yín bẹ̀ wọ́n. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó lé wọn lọ, n kò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ èyí tó máa dá wọn padà. Iṣẹ́ yín nìyẹn, èjìká mi kò wọ ibẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà sí Ọ̀yọ́. Ìgbà Àìlà ni wọ́n á dé. Ẹ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ báyìí, ẹ sì ti mọ bí ẹnu ọ̀nà wọn ṣe rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ẹnu ọ̀nà náà lófìfo.

Ọmọ yín,
Muhydeen